Orúkọ Ìyá Fadila

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ohùn ṣe ń sọnù mọ́ ènìyàn lọ́wọ́, kó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ Akim, ọ̀gá àwọn tó ń ta ọjà fún ilé iṣẹ́ ọṣẹ Alájì Moucharafou ní Vridi, nílùú Abidjan. Akim kì í ṣe olówó, kì í sì í ṣe arẹwà. Ìyàwó rẹ̀ ti padà sí Cotonou, ilé rẹ̀ ní Williamsville sì dákẹ́ débi pé bí fìríìjì bá kùn, á ní, "Mo gbọ́." Ohun kan ṣoṣo tó kù fún un láyé ni pé Alájì ń gbọ́ tirẹ̀. Bí Akim bá ní òjò máa rọ̀, Alájì á ní kí wọ́n kó ọṣẹ wọlé lójú oòrùn gangan. Ìyẹn ló ń gbé e dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀.

Ìdí nìyẹn tí ìpàdé ọjọ́ Ajé yẹn fi dùn ún wọ egungun.

Alájì fẹ́ ṣe ọṣẹ tuntun fún àwọn ìkókó. Akim ti gbé tirẹ̀ kalẹ̀: ọṣẹ olóòórùn dídùn tó ń hó yàà, kó kúrò nínú àpótí tí wọ́n dà á sí lónìí, kí wọ́n wé e lọ́la, kó wọ ọjà Adjamé kí ọdún Iléyá tó dé. Fadila, tó ń po ọṣẹ, tó kàwé lórí iṣẹ́ náà ní yunifásítì, jókòó sí òdì kejì tábìlì, ó sì ń mi orí.

"Sódà inú rẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́," ó ní. "Ọṣẹ gbọ́dọ̀ sinmi lórí pákó kó tó kan ara ọmọ. Tí a bá wé e báyìí, á bó wọn lára. Òórùn yẹn kàn ń bò ó mọ́lẹ̀ ni."

"Oníbàárà wa kò mọ ọṣẹ tó sinmi," Akim dáhùn. "Òórùn ni wọ́n ń rà. Wọ́n á gbé e símú, wọ́n á ní *c'est bon*, ó dáa, wọ́n á sanwó."

"Ta ló sọ fún yín, Ẹ̀gbọ́n?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Gbogbo ayé kì í wẹ ọmọ. Ìyá ọmọ ló ń wẹ ọmọ. Ìyá ọmọ wo lẹ bi?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ojú Akim pọ́n. "Ìwọ náà, ta ló sọ fún ẹ pé ìyá ọmọ á dúró dè wá? Bí a bá ń tẹ́ ọṣẹ sórí pákó, ọṣẹ ẹlòmíì ni wọ́n á rà, èyí tó burú ju tiwa lọ."

Fadila ronú díẹ̀. "Òótọ́ ni," ó ní. "Ìyẹn náà, mi ò tíì bi ẹnikẹ́ni."

Ká ní ó bú u ni, ìbá sàn. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ló fà á tí Alájì fi kọjú sí ọmọbìnrin náà, tó ní, "Ọ̀rọ̀ gidi lo sọ yẹn, ọmọ mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ jẹ́ n rò ó. Jímọ̀ tó ń bọ̀ lọ́hùn-ún, kí n tó lọ kírun, màá sọ èyí tí a máa ṣe." Láti ọjọ́ tí Akim ti wà níbẹ̀, Alájì kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì níwájú rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n ń dìde, Akim mú ọ̀kan nínú ọṣẹ tó wà níwájú Fadila, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ gé, ó tì í sápò. Ó ti mọ ibi tó ń lọ.

*

Sìrájù ń ta egbò àti èèpo igi lẹ́yìn ọjà Adjamé, níbi tí àwọn ọkọ̀ gbaka ti ń pariwo èrò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti bí i, ìgbà tó sì dé Abidjan, kò kọ́ Faransé, kò sì bẹ̀rù ẹni tó kọ́ ọ. Ọ̀sán gangan ni, ṣùgbọ́n yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn. Adìẹ funfun kan dúró ní kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri, kò sì yíjú padà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi sọ̀rọ̀.

"Ṣé kó kú lo fẹ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Kí wọ́n má kàn gbọ́ ọ mọ́ ni. Tó bá lanu, kó dà bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ kọjá."

Sìrájù wò ó pẹ́. "Ìyẹn burú ju ikú lọ," ó ní. "Òkú ṣì ní ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀."

Akim yọ ọṣẹ náà lápò. Ọkùnrin náà gba ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ìyẹ̀fun dúdú kan pa á lẹ́yìn pa á níwájú, ó sì gbé e sún mọ́ ẹnu.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Fadila."

"Ọmọ ta?"

"Ọmọ Àdìzátù, tó ń ta aṣọ ní Treichville."

"Ṣé òun ló bí i?"

"Gbogbo ayé ló mọ̀."

"Gbogbo ayé kọ́ ni mò ń bi. Ìwọ ni mò ń bi."

"Òun ni, Bàbá. *Vraiment*, lóòótọ́ ni. Ilé rẹ̀ ló ti dàgbà."

Sìrájù mí kanlẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí a rán níṣẹ́ kì í sùn sójú ọ̀nà. Bí kò bá bá ẹni tí a rán an sí, ilé ẹni tó rán an ló ń wá sùn." Ó pe orúkọ náà sínú ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bi ènìyàn bóyá ó ti jẹun lọ. "Gbé e síbi tí omi á máa kán sí i, ní ìtòsí ibi tó ti ń sọ̀rọ̀. Bí ọṣẹ bá ṣe ń yọ́, ohùn á máa yọ́. Tó bá tán, ó parí nìyẹn."

Akim mọ ibẹ̀. Lẹ́yìn yàrá ìpàdé, lábẹ́ fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù Alájì ń kán omi láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ọṣẹ náà sórí bíríkì kan níbẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀.

*

Fadila máa ń yà sí Treichville kó tó lọ sí yàrá tirẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó ń dúró dè é ní yàrá yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó bá Àdìzátù lórí ẹní ìrun, ó ń wo àwo tánganran kan tó là sí méjì lórí tábìlì.

"Ta ló fọ́ ọ, Màmá?"

"Kò sẹ́ni. Mo ń ṣe àsálátù lọ́wọ́ ni mo gbọ́ tó dún." Obìnrin náà yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹsùbáà lọ́wọ́. "Báwo ni ibi iṣẹ́?"

Fadila sọ ti ìpàdé fún un. Ó sọ ti àwọn ọmọ iṣẹ́ Akim tí wọ́n máa ń dákẹ́ bí òun bá wọlé, tí wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí òun bá jáde. Ó ní ọṣẹ ni òun ń bá sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó dùn ún, ìyá rẹ̀ sì mọ̀.

"Ṣé ẹnì kan ti ń bèèrè orúkọ ìyá rẹ?"

"Kí ni wọ́n fẹ́ bèèrè sí? Gbogbo wọn ló mọ̀ yín."

Àdìzátù rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n máa pè mí."

Ó dìde, ó bu omi fọ wàláà kan tí wọ́n ti kọ nǹkan sí, ó gbọ̀n ọ́n sínú kọ́ọ̀bù, ó sì gbé hàǹtú náà fún un.

"Màmá, ẹ mọ̀ pé mi ò gba nǹkan wọ̀nyí gbọ́."

"Mi ò ní kí o gbà á gbọ́. Mu ún ni mo wí."

Fadila mu ún. Ó korò díẹ̀, ó sì tutù. Nígbà tó jáde sí títì, ó dà bíi pé ẹnì kan ń bá a rìn láti ẹ̀yìn. Ó yíjú padà, kò rí ẹnikẹ́ni, ohun tó sì yà á lẹ́nu ni pé ó dùn ún pé kò rí ẹnikẹ́ni.

*

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Akim rò pé oògùn ti mú Fadila. Fadila sọ̀rọ̀ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé àwọn tó wà níbẹ̀, wọn kì í dá a lóhùn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń retí òjò, bí wọ́n bá da omi àwo sí i lẹ́sẹ̀, á ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìkíni sọnù.

"Yessoufou, ṣé dáadáa lo jí?" Akim bi ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan. Yessoufou, tó máa ń kí ènìyàn títí dórí ajá ilé rẹ̀, ń wo ojú títì. Akim tún un sọ. Yessoufou ya ẹnu, ó fi ìka ro etí rẹ̀, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ọkọ̀ tó ń kó epo wọlé.

Lọ́sàn-án, ó dúró níwájú ẹni tó ń ta garba, attiéké tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe pẹ̀lú ẹja díndín, ó ní kó fi ata púpọ̀ sí i. Obìnrin náà bu attiéké fún ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó tún bu fún ẹni tó tẹ̀lé ìyẹn. Nígbà tó wọ takisí woro-woro lọ sílé, ó ní "Mo ń bọ́lẹ̀ níbí," ọkọ̀ kò dúró. Ó pariwo, awakọ̀ fi ọwọ́ gbá rédíò rẹ̀ bí ẹni pé ó ń kùn. Ibi tí ẹlòmíì ti bọ́lẹ̀ ni Akim ti bọ́lẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ rìn padà. Àwọn ènìyàn ń rí i. Wọ́n ń yà fún un lọ́nà bí wọ́n ṣe ń yà fún òpó iná. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó fi fóònù kọ ọ́ ránṣẹ́, ẹni tó bá gbé fóònù á tún gbé e kalẹ̀ bí ẹni pé aago ló fẹ́ wò.

Ìbẹ̀rù mú un, ìbẹ̀rù tó mú un kì í ṣe kékeré. Ó jókòó nílé, ó ń bá fìríìjì sọ̀rọ̀, ó sì parí èrò sí ibì kan: Fadila ni. Ọmọbìnrin yẹn ti mọ̀, òun náà ti lọ ṣe tirẹ̀, ó sì fẹ́ tètè dé ju òun lọ. Kò bi ara rẹ̀ pé ta ló sọ fún un.

Ó sáré lọ sẹ́yìn yàrá ìpàdé. Ọṣẹ náà wà níbẹ̀, etí rẹ̀ nìkan ló fẹ́lẹ́. Ọṣẹ Fadila ni, ó ti sinmi dáadáa, kì í sì í tètè yọ́. Akim pòṣé. Ó gbà pé bí ọṣẹ náà bá tán, agbára Fadila ti tán nìyẹn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tì í sábẹ́ ibi tí omi ti ń kán kíákíá jù.

*

Ọjọ́bọ̀, Alájì fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo wọn. "Mo ti rò ó. Ti Akim la máa ṣe. Kò ṣì mí lọ́nà rí. Lọ́la, kí n tó lọ kírun, màá fọwọ́ sí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wé e."

Akim fò sókè. Ayọ̀ yẹn kò pẹ́ tó bí omi ṣe ń hó. Fóònù dún, Tasneem àbúrò rẹ̀ ni, tó ń gbé ní Abobo. Òun ni Akim ti fún ní ọ̀kan nínú ọṣẹ olóòórùn tí wọ́n kọ́kọ́ fi dánwò kó fi wẹ Mahfuz, ọmọ rẹ̀ jòjòló.

"*Allô?* Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀yìn Mahfuz ti bó o. Ó ń sunkún látàárọ̀. Mo rò pé ooru ni, mo tún fi ọṣẹ yín wẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó lè tutù."

"Má fi wẹ̀ ẹ́ mọ́! Tasneem, sọ ọ́ nù!"

"*Allô?* Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbọ́ yín. Réseau fóònù yìí kò dáa." Igbe ọmọ náà ń wọlé láti ẹ̀yìn, ó ń dún ketekete létí Akim. "Ó dáa, màá tún fi wẹ̀ ẹ́ kí ó lè sùn."

Báwo ni Akim ṣe dé Abobo, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀. Ó wọlé láìkan ilẹ̀kùn, ó gba ọṣẹ náà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ lẹ́bàá báfù, ó jù ú sórí òrùlé. Tasneem wò ó, ẹnu yà á, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́ ò sọ̀rọ̀?" Akim ń sọ̀rọ̀. Kò dákẹ́ rárá. Ó rí ẹ̀yìn ọmọ náà, ó pọ́n bí ẹran, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi ọṣẹ, ó sunkún. Àbúrò rẹ̀ ń gbá a léjìká, kò mọ ohun tó ń bá a sunkún lé lórí.

Bí yóò ti rí fún gbogbo ọmọ Abidjan nìyí, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí Akim ti sọ látijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́kàn Alájì. Ọ̀rọ̀ tuntun ni kò rí etí.

*

Sìrájù ń lọ egbò nígbà tí Akim dé. Adìẹ funfun yẹn ti yíjú padà kúrò lára ògiri. Akim ló ń wò.

"Mo rí ẹnu rẹ," Sìrájù ní, "mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà, ìyá yẹn kọ́ ló bí i."

Akim di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Mo bi ọ́. Ṣé mi ò bi ọ́? Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀." Kò bínú, àánú ló wà lójú rẹ̀, ìyẹn sì burú jù. "Ẹrù náà kò rí ẹlẹ́rù. Wá orúkọ obìnrin tó bí ọmọ náà lóòótọ́, kí o pè é sínú ọṣẹ kó tó tán. Á kúrò lọ́rùn rẹ, á sì lọ síbi tó ń lọ."

Akim ya ẹnu, ó nawọ́, bí ẹni tó ń bèèrè pé ta ló máa gbọ́ òun tí òun á fi bi í.

"Etí kan máa ń kù," Sìrájù ní. "Ti ẹni tí o fẹ́ pa lẹ́nu mọ́. Má bi mí ní ìdí. Lọ."

*

Ní àárọ̀ Jímọ̀, ọṣẹ orí bíríkì kò nípọn ju èékánná lọ. Akim rọra ká a, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì wọ yàrá ìpàdé. Ìgbà tó jókòó ló rántí pé ọwọ́ òun ń làágùn.

Alájì ti mú bírò. "*Bon*. Ṣé ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀?"

"Alájì, ẹ má fọwọ́ sí i!" Akim pariwo. Kò sẹ́ni tó gbójú sókè. Ó gbá tábìlì. Wọ́n di kọ́ọ̀bù kọfí wọn mú, wọ́n sì ń wo ìwé níwájú wọn. Ó wà láàárín àwọn ènìyàn tó ti bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì nìkan wà tó bẹ́ẹ̀ rí nínú yàrá rẹ̀ ní Williamsville. Nínú ìkúùkù rẹ̀, ọṣẹ ń yọ̀.

Lódì kejì, Fadila gbé orí sókè.

"Mo gbọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Kí lẹ fẹ́ sọ?"

Gbogbo ojú yí sí i. Akim nawọ́ sí Alájì. "Sọ fún un. Sọ fún un pé ó ń bó ọmọ lára. Mo fi wẹ ọmọ àbúrò mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti bó."

"Ta ló sọ fún yín?" Kì í ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe máa ń bèèrè nìyẹn.

"Ìyá ọmọ," Akim ní. "Ìyá ọmọ ló sọ fún mi."

Fadila kọjú sí Alájì. Ó sọ ọ́ fún un, gbogbo rẹ̀, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún òun, ó sì fi kún un pé ọ̀rọ̀ Akim nípa àwọn ìyá tí kò ní dúró ṣì jẹ́ òótọ́, pé òun á lọ bi wọ́n ní Adjamé fúnra òun. Alájì gbé bírò kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Akim ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà wo?"

"Báyìí, Alájì."

Bàbá náà wo àga Akim. Ojú rẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ó sì lọ sí fèrèsé. "Kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó, kó sinmi," ó ní. "Mi ò ní fi ìkókó wá owó. Ẹ jẹ́ ká lọ kírun."

*

Ní ìta, lábẹ́ ibi tí ẹ̀rọ ti ń kán omi, Akim ṣí ọwọ́ rẹ̀. Ọṣẹ náà kò ju àmì kan lọ mọ́.

"Kí lẹ mú lọ́wọ́?" Fadila bi í láti ẹ̀yìn.

Ó sọ fún un. Kò fi ọ̀kan pa mọ́, nítorí pé kò sí ẹlòmíì tó lè sọ ọ́ fún. Fadila tẹ́tí títí ó fi parí.

"Orúkọ ìyá rẹ tó bí ọ," Akim ní. "Mo bẹ̀ ọ́. Kó tó tán."

"Tí mo bá sọ ọ́, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ?"

Akim lè purọ́. Ó wo ojú ọmọbìnrin náà. "Ọ̀dọ̀ rẹ ni."

Omi kán. Omi tún kán.

"Obìnrin kan gbé mi fún Màmá Àdìzátù létí èbúté," Fadila ní. "Ó ní òun fẹ́ ra omi tútù, òun ń bọ̀. Orúkọ mi nìkan ló sọ. Láti kékeré ni mo ti ń bèèrè tirẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí. Ká ní mo mọ̀ ọ́n, mi ò mọ̀ bóyá ǹ bá sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n."

Akim wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìfófòó ló kù níbẹ̀, kò ní òórùn kankan. Nígbà tó yá, ìyẹn náà gbẹ, láti ìgbà náà, ojú ènìyàn kò sì rí Akim mọ́, bí etí wọn kò ṣe gbọ́ ọ.

*

Títí di òní, bí Fadila bá dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ní Vridi, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Akim á dáhùn, kì í sì í tètè dákẹ́. Á sọ ohun tó jẹ, á sọ àlá tó lá, á sọ pé ẹ̀yìn Mahfuz ti san. Fadila kì í yára kúrò níbẹ̀, bí iṣẹ́ tilẹ̀ ń dúró.

Yessoufou máa ń wò ó láti orí àga rẹ̀, obìnrin kan ṣoṣo tó ń mi orí fún ògiri. Ní ọjọ́ kan, ó bi í.

"Tantie Fadila, ẹ dákun, ta lẹ̀ ń kí?"

"Ará ilé mi ni," Fadila ní.